Líǹkì Tuntun Lójú Ewé Mojí

Bí Mojí ṣe wọ ọ́fíìsì wọn ní Ogudu báyìí, gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọpẹ́, ṣé wọ́n fẹ́ lé mi lẹ́nu iṣẹ́ ni?"

"Aunty Mojí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tan kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá ń bọ̀ wá bá yín sọ̀rọ̀."

Mojí ò gbọ́. Ó tan án.

Òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ojú ewé tirẹ̀ lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ wọn. Líǹkì àwọn tíìmù tí òṣìṣẹ́ náà bá wà nínú wọn nìkan ló ń yọ sí i. Tí wọ́n bá lé e, gbogbo rẹ̀ á pòórá.

Ti Mojí ò pòórá. Líǹkì Welfare, tíìmù ìtọ́jú òṣìṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ń darí, ṣì wà níbẹ̀. Ó mí kanlẹ̀.

Àmọ́ tuntun kan ti yọ sábẹ́ rẹ̀. Gbogbo tíìmù tí wọ́n bá dá sábẹ́ Welfare ló máa ń yọ sí i.

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́!" Ọpẹ́ ti ń sunkún.

Kò dìgbà tó bá tẹ̀ ẹ́. Orúkọ rẹ̀ hàn gbangba:

"Ìrànlọ́wọ́ fún Opó Oyèwùmí."

Oyèwùmí ni ọkọ Mojí, awakọ̀ ilé iṣẹ́ wọn. Àárọ̀ yìí ló wa ọkọ̀ ilé iṣẹ́ lọ sí ọjà Mile 12.

Ó ní òun á ra tòmátì bọ̀.