Aṣọ Pupa Tí Emmanuella Hun De Ìṣẹ́gun

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ yín. Ẹ kà á dé òpin, ìdí ọ̀rọ̀ wà nísàlẹ̀.

1.
Emmanuella ń kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Kabba. Bí ẹ bá rí i tó ń sáré, ẹ ó fẹ́ràn rẹ̀. Nínú àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin tó ń sá eré tí wọ́n ń fi ọ̀pá lé ara wọn lọ́wọ́, òun ni wọ́n máa ń fi sí ìkẹyìn, nítorí kò sí ẹni tó lè lé e bá. Ọmọ yìí tún mọ aṣọ hun. Ìyá ìyá rẹ̀, Ìyé Tabitha, ló kọ́ ọ ní Òkè-Bùkún, lórí òfì tí wọ́n ń gbé ti ògiri, tí obìnrin á jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹsẹ̀ yá, ọwọ́ yá!

Ó fẹ́ kí aṣọ híhun di iṣẹ́ òun lẹ́yìn ìwé. Èrò rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá ti borí nínú ìdíje àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Lọ́kọ́ja, òun á fi aṣọ tí òun fúnra òun hun kọ́ èjìká, òun á fi yí pápá ká, gbogbo èèyàn á sì máa béèrè ibi tí wọ́n ti ń rà á. Èrò náà ò burú. Èmi náà ì bá rà.

2.
Ṣùgbọ́n Kóòṣì Boaz ti sọ pé kí gbogbo wọn wà ní Kabba fún ìdánrawò títí di ọjọ́ ìdíje. Emmanuella bá pè é.

"Okun o, Kóòṣì. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìyá mi àgbà ń ṣàìsàn. Mo fẹ́ lọ tọ́jú wọn."

"Háà! Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Máa lọ. Ọlọ́run á gbé wọn dìde."

Irọ́ funfun báláú! Lásìkò yẹn, Ìyé Tabitha wà nínú oko ẹ̀gẹ́, ó ń fi òkò lé ewúrẹ́ ará àdúgbò kiri.

3.
Nígbà tí Ìyé rí òwú tí ọmọ gbé dé, ó fọwọ́ lé àyà.

"Pupa kẹ̀? Ta ló kú?"

"Ìyé, pupa la fi ń ṣeré ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa."

"Ní Bùnù níbí, aṣọ pupa ni ìpo. Òun la fi ń sin àgbà. Hun ún, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó rí ìta."

"Mo gbọ́, Ìyé."

Ṣé ó gbọ́? Ẹ mọ àwọn ọmọ wa. Ó jókòó ti òfì láàárọ̀, ó jókòó tì í lọ́sàn-án, kò sáré kankan. Bí aṣọ ti ń dára sí i, orí rẹ̀ wú. Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó gun àpáta tí nẹ́tíwọọ̀kì wà, ó sì gbé e sí sítétọ́ọ̀sì Wasáàpù rẹ̀.

4.
Priscilla, ọmọ Bùnù tí wọ́n jọ ń sáré, ló kọ́kọ́ rí fọ́tò náà. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kóòṣì! Ìyá àgbà Emmanuella ti lọ! Wọ́n ti ń hun ìpo wọn!"

Wọ́n pè é títí, kò wọlé. Ẹ sì mọ̀ wá nílẹ̀ Okun, a kì í fi fóònù bá ọlọ́fọ̀ kẹ́dùn, a máa ń lọ jókòó tì í ni. Kóòṣì fagi lé ìdánrawò ìkẹyìn. Wọ́n ra iṣu, wọ́n ra búrẹ́dì, wọ́n wọkọ̀, ó di Òkè-Bùkún. Láti ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti bú sẹ́kún.

5.
Obìnrin kan gbé ọmọ odó jáde láti ẹ̀yìnkùlé.

"Okun o, ẹ̀yin ọmọ. Ta ló kú?"

Priscilla pariwo, ó sá sẹ́yìn Kóòṣì. "Wọ́n ní... ẹ̀yin ni, mà."

Gbogbo ojú yí sí ìdí òfì. Emmanuella fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ tó ti ká jọ látàárọ̀ kọ̀, ó ṣubú sórí orúnkún.

"Kóòṣì, ẹ dárí jì mí."

Omi lé ròrò sójú Kóòṣì. "Ká ní o sọ fún mi pé aṣọ lo fẹ́ hun, ǹ bá wá àyè fún ọ. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Ẹlòmíràn ló máa sáré nípò rẹ."

"Sà, mo lè sá a!"

"Wo ẹsẹ̀ rẹ."

Ẹsẹ̀ náà ń gbọ̀n.

Ìyé Tabitha ní tirẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ padà síta, ẹ sunkún náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo fẹ́ mọ ẹni tó fẹ́ràn mi jù." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi ọmọ-ọmọ rẹ̀. Iṣu ọ̀fọ̀ ni wọ́n gún jẹ lọ́jọ́ náà.

6.
Ní Lọ́kọ́ja, Priscilla ló ṣáájú nígbà tó fi ọ̀pá lé ẹni ìkẹyìn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n lé ọmọ yẹn bá. Emmanuella dúró lẹ́yìn ọgbà, ó di báàgì gbogbo wọn mú, ó ń sunkún. Priscilla tó pàdánù ló tún wá gbá a mọ́ra.

Aṣọ ńkọ́? Ìyé gbà á. "Wọ́n ti sunkún mi lé e lórí. Tèmi ni." Ó ká a, ó fi sínú àpótí. Láti ìgbà náà, kí Emmanuella tó lọ sáré láàárọ̀, ó máa ń kọ́kọ́ pe Òkè-Bùkún, Ìyé á sì ti gun àpáta dè é. Aṣọ tó fẹ́ kí gbogbo ayé rí, ó ti ń gbàdúrà báyìí kó pẹ́ gan-an nínú àpótí.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ sáré, ẹ sì ṣe iṣẹ́ ọnà yín. Ẹ ṣe méjèèjì! Ṣùgbọ́n ẹ má fi àìsàn ẹni tó fẹ́ràn yín tọrọ àyè, ẹ sọ òótọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá.