Omi Tí Kò Gbó

Nígbà náà, ìyá alágbàfọ̀ ṣì wà láyé. Ọkọ rẹ̀ ló ti lọ, ilé sì dá páropáro. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ gbé àpótí gíláàsì kan wá sí pálọ̀, ó pọn omi kún un, ó fi fóòmù kan sínú rẹ̀, ó ní òun fẹ́ sin ẹja síbẹ̀ kí ìyá lè rí ohun bá gbé. Gbogbo Sátidé ló ń wá bu omi náà sí ìgò, tí ó ń kán oògùn sí i láti fi mọ̀ bóyá ẹja ti lè gbé inú rẹ̀.

"Ó tún yọ àwọ̀ ewé, Màámi. Májèlé ṣì wà níbẹ̀. Omi yìí ò tíì gbó."

"Èmi tí mo ti gbó kùjọ́kùjọ́ ńkọ́? Ta ló ń kán oògùn sí mi?"

Ọmọ rẹ́rìn-ín. "Ẹ má fọwọ́ kan fóòmù yẹn o. Ìdọ̀tí ara rẹ̀ ló ń jẹ májèlé. Tí omi bá gbó, ẹja á máa bá yín ṣeré, mi ò ní máa wá ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ mọ́."

Ìyá gbọ́ ọ yékéyéké. Bí ọmọ bá ti yí kọ́nà tán, á yọ fóòmù náà, á fọ̀ ọ́ bí ẹní ń fọ kọ́là funfun.

Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ kò gbé e dé pálọ̀ mọ́. Ó ní ó kàn rẹ òun ni. Ní Sátidé kan, ọmọ sáré wọ yàrá.

"Màámi, omi ti gbó!"

"Ṣé wàá wá ní Sátidé tó ń bọ̀?"

"Kí ni mo tún ń bọ̀ wá wò? Ẹ ti rí ẹja bá sọ̀rọ̀."

Ìyá yíjú sí ògiri. Ọmọ lọ ra ẹja. Kí ó tó dé, ìyá ti dákẹ́.