Sàláámù Ọjọ́ Méje

Kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀ mí.

Ọjọ́ keje rèé tí ọkọ mi ń kí mi ní sàláámù, tí mi ò dá a lóhùn. Ní Ṣakétẹ́ níbí, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Mo mọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹní ìsùn tí mo rà lọ́dún òmìnira, ọkọ mi sọ pé obìnrin kan jókòó sórí rẹ̀. Kó dárúkọ àlè rẹ̀ ná!

Ó tún ń wọlé bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Àsàláámù àlékùn."

Mo panu mọ́.

Ó yíjú sí Múdàṣírù, ọmọ wa.

"Dókítà tó wà nílùú Pọ́bẹ̀ ní àìsàn ọwọ́ gbígbọ̀n yìí ló ń fi ẹni tí kò sí hàn mí. Mo wá ń kí gbogbo ẹni tí mo bá rí. Ẹni tí kò bá dáhùn, kì í ṣe èèyàn."

Ó nawọ́ sí mi.

"Èyí jọ ìyá rẹ gan-an. Ìyá rẹ alára dà? Àbí ó ti kọ̀ mí sílẹ̀ ni?"