Bàtà Afinimọ̀nà

Ní Bangkok, àlejò kò gbọdọ̀ bọ́ awò ojú afàwòránhàn tí wọ́n fi sí i lójú lẹ́nu bodè. Nínú awò náà, tẹ́ńpìlì àtijọ́ ń dán bíi wúrà. Ìyá Mojírádé, tí ó ti ń tọrọ láti ọjọ́ pípẹ́ pé kí òun fọwọ́ kan ògiri rẹ̀ kí òun tó kú, bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ bàtà bí a ti í ṣe ní ibi mímọ́.

"Ẹ má wulẹ̀ bọ́ ọ, Màmá," ni Prasit, afinimọ̀nà wọn, wí.

Ara fu Mojírádé. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ Prasit náà, ọmọ onílẹ̀, nínú ilé àdúrà àwọn baba rẹ̀.

"Níbo lẹ̀yin ti máa ń bọ́ tiyín, ẹ̀gbọ́n?"

Prasit mú wọn gba ẹ̀yìn lọ sí etí odò, níbi tí òkìtì bíríkì tó ṣẹ́ kù lára ògiri àtijọ́ wà lábẹ́ tapólì. Ibẹ̀ ni ó ti bọ́ bàtà rẹ̀.

Màmá bọ́ awò ojú, ó sì na ọwọ́.