Àwòrán Ìbídùn

Adéògún ló máa ń tilẹ̀kùn ilé àfihàn àwòrán kan l'Óṣogbo. Ní alẹ́ tí à ń wí yìí, àwọn àlejò ti lọ, ó ku òun àti àwòrán tí àbúrò rẹ̀, Ìbídùn, yà. Ọkùnrin ni wọ́n pe Ìbídùn nígbà tí wọ́n bí i, ṣùgbọ́n obìnrin ló mọ ara rẹ̀ sí. Kọ̀ǹpútà ló fi ya ara rẹ̀ bí obìnrin, tó ń mí, tó ń rìn nínú tẹlifíṣọ̀n tó ga ju ènìyàn lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àlejò kan nawọ́ sí àwòrán náà, ó bi Adéògún pé, "Ṣé ẹ mọ obìnrin yìí?" Ó fèsì pé, "N ò mọ̀ ọ́n rí." Ìbídùn, tó dúró lẹ́yìn wọn, gbọ́, ó sì yọ́ jáde.

Ojú ṣì ń ti Adéògún bó ṣe fa wáyà iná tẹlifíṣọ̀n náà yọ. Yàrá ṣókùnkùn, àmọ́ àwòrán náà kò kú. Èémí ń dún. Ooru ẹnu ń bo gíláàsì láti inú.

"Bùọ̀dá mi," ohùn kan wí jẹ́jẹ́.

Adéògún sún mọ́ gíláàsì náà. "Ìbídùn, jọ̀ọ́, má bínú. Àbúrò mi obìnrin ni ẹ́."

Àwòrán náà wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló kẹ̀yìn sí i, ó rìn wọnú òkùnkùn lọ, kò sì bojú wẹ̀yìn.