Orúnkún Kò Gbọdọ̀ Kanlẹ̀

Ojú wa ṣe mẹ́rin láàárín èrò tó kún gbọ̀ngàn ìjà, àyà mi sì já. Ọkùnrin náà rẹwà bí àwọn tí wọ́n ń yà sí èèpo ẹ̀yìn ìwé ìtàn ìfẹ́. Òun gan-an ni kọ̀ǹpútà yàn pé kí n gbé ṣubú.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ ìjà láàárín obìnrin nìkan, ṣùgbọ́n ìjọba ò ka ìyẹn sí mọ́. Obìnrin tí kò bá tíì gbé ọkùnrin ṣubú kò gbọdọ̀ dá rìn nígboro.

Bí a ṣe bọ́ sórí ẹní ìjà, ó ní: "Àbúrò, ṣé o ò lè kí ẹ̀gbọ́n ni?"

Mo kúnlẹ̀ láìronú. Ẹ̀rọ tó wà nínú ẹní náà pariwo: "Fadérera, orúnkún kanlẹ̀! Ó ku ẹ̀ẹ̀kan kí o fìdí rẹmi!"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Padà sí kíláàsì obìnrin, arẹwà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ìrọ̀rí jà."

Ìfẹ́ kú lọ́kàn mi. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo fi ìbàdí gbé e, mo là á mọ́lẹ̀.

Òfin ní ẹni tó ṣubú ni yóò fún ẹni tó borí ní lẹ́tà ìdárìn, ìwé àṣẹ láti dá rìn nígboro. Ó nà án sí mi, ó lejú koko. Ọwọ́ òsì ni mo fi gbà á.