Òrí Tí Ọláyẹmí Fi Pa Rọ́bà Kámẹ́rà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ ní ìdajì. Ẹ kà á délẹ̀, kí ẹ sì kà á sétí ẹni tó bá ń tijú láti béèrè.

1.
Ọdún kẹta tí Dàhòmì gba òmìnira ni. Ọláyẹmí ló ń ya fótò káàdì ìdánimọ̀ nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Ṣábẹ̀. Ó mọṣẹ́, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ó fẹ́ràn kí ojú wà lára òun bí adìyẹ ṣe fẹ́ràn àgbàdo.

Félix, ọmọ Àjàṣẹ́ tó máa ń wọ ìsàlẹ̀ odò lọ wo ẹsẹ̀ afárá, ti ń kọ́ ọ bí a ṣe ń pọn ìgò afẹ́fẹ́ sẹ́yìn kí a lè máa mí lábẹ́ omi. Nígbà tí Ọláyẹmí fẹ́ ra kámẹ́rà abẹ́ omi, Félix fi méjì hàn án: ńlá kan tó wà nínú àpótí irin, àti kékeré kan tí àtẹ́lẹwọ́ gbà.

"Méjèèjì dára," ni Félix wí. "Àmọ́ rọ́bà róbótó kan ṣoṣo ló dí ẹnu kékeré yìí. Bí ẹyọ yanrìn kan bá wà lórí rẹ̀, omi wọlé nìyẹn. Gíríìsì inú túùbù yìí nìkan ni kí o máa fi pa á. Kí o tó gbé e wọ odò, kọ́kọ́ rì í sínú agbada omi láìfi fíìmù sí i, kí o mọ̀ bóyá ó ń jò."

"Mo ti gbọ́."

Irọ́ ni, kò gbọ́. Ohun tó ń rò ni pé kékeré ló ṣeé fi kọ́rùn lọ sọ́jà. Kékeré ló mú.

Gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń ṣí i, tó ń pa rọ́bà náà ní gíríìsì, tó ń dé e padà. "Ẹ wò ó! Omi ò lè wọ̀ ọ́ láéláé!" Kámẹ́rà náà kò tíì fojú kan odò tí túùbù fi tán. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

2.
Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ọkọ̀ ojú omi Salifou dà. Salifou ni ọkọ Àdìjá, ẹ̀gbọ́n Ọláyẹmí. Èèyàn méjì kú. Àwọn jàndámù, ọlọ́pàá ibẹ̀, mú Salifou, wọ́n ní ó kó èrò ju bó ti yẹ lọ. Ó búra pé irin tí àwọn tó kọ́ afárá gbàgbé sínú odò ló fa ọkọ̀ òun ya.

Ọ̀gá jàndámù ní, "Ta ló rí irin náà? Ẹ mú fótò rẹ̀ wá fún adájọ́ lọ́jọ́ Ẹtì."

Ọjọ́rú nìyẹn, ojú ọ̀run sì ti ń ṣú. Bí òjò bá rọ̀, odò yóò dàrú, kò sẹ́ni tí yóò rí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Àdìjá kò lè jókòó.

"Àbúrò mi, ọkọ mi wà lọ́wọ́ rẹ o."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Fótò kan péré ni!"

Ó wọlé, ó fún túùbù, kò sí nǹkan. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ nínú yàrá. Ṣé kó lọ bá Félix? Kí ni yóò wí? Pé òun fi gíríìsì ṣe fàájì lọ́jà? Ojú rẹ̀ bá kan igbá òrí ìyàwó rẹ̀. Ní Ṣábẹ̀, kí la kì í fi òrí pa? Ara ọmọ tuntun, bàtà, ilẹ̀kùn tó ń han. Ó bu òrí, ó fi pa rọ́bà náà, ó ki fíìmù bọ̀ ọ́, ó dé e. Kò wo èèpo èso emi bíńtín tó wà nínú òrí náà. Kò rì í sínú agbada.

3.
Ìgò afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo ló kù. Félix di okùn mú létí odò, èrò sì pé jọ. Ààrá ń sán lápá ìlú Ofè.

"Ṣé o ti rì í sómi wò?"

"Mo ti ṣe é."

"Gíríìsì ńkọ́? Túùbù tuntun wà nínú àpò mi yìí."

Ẹ̀yin ará, ẹ dákẹ́ níbí kí ẹ rò ó. Ìgbàlà wà nínú àpò, ìṣísẹ̀ kan péré ló jìnnà sí i. Ọláyẹmí la ẹnu. Ó wo àwọn èrò, ó wo Àdìjá, ó sì pa ẹnu dé.

"Mo ti pa á dáadáa," ló wí, ó sì wọ omi.

Ó rí irin náà. Ó rí pákó ọkọ̀ Salifou, aláwọ̀ ewé, tó há sí i ṣinṣin. Inú rẹ̀ dùn, ó tẹ kámẹ́rà lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà náà ló rí ìfóòfó wẹ́wẹ́ tó ń jáde lẹ́nu kámẹ́rà. Ó yára gòkè wá sétí odò.

Nígbà tó ṣí i, omi dà jáde. Fíìmù ti lẹ̀ mọ́ra. Kí wọ́n tó wá ìgò afẹ́fẹ́ mìíràn, òjò ti dé, odò sì pọ́n bí amọ̀.

"Fótò dà?" ni Àdìjá bi í.

Lọ́jọ́ Ẹtì, adájọ́ ní ẹnu lásán kò tó ẹ̀rí, ó sọ Salifou sẹ́wọ̀n ọdún méjì.

4.
Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, odò fà. Irin náà yọrí, pákó sì wà lára rẹ̀ síbẹ̀. Gbogbo Ṣábẹ̀ ló lọ wò ó. Àmọ́ ikọ́ ti pa Salifou lẹ́wọ̀n, wọ́n sì ti ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ rẹ̀.

Àdìjá yọ pákó náà, ó rù ú dé ṣọ́ọ̀bù Ọláyẹmí, ó gbé e lé àga tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí.

"Ọláyẹmí, ya á. Kò sí omi lára rẹ̀ mọ́."

Kò lè gbé kámẹ́rà sójú.

Ìwọ tó ń ka èyí, nǹkan wo ni o kò mọ̀ tí o ń díbọ́n pé o mọ̀? Béèrè lónìí, kí ẹlòmíràn má baà fi ẹ̀mí rẹ̀ san án. Ìtìjú ìṣẹ́jú kan kì í pààyàn. Àwọn àgbà ní, abèèrè kì í ṣìnà.